Bí ẹ ṣe lè tún àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà yín ṣe láti Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ti ṣe sójà l'Amẹ́ríkà tó sì ti padà wá jókòó sí Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ Ìbarà ló kọ́lé sí tàbí Ọbáńtokò, ìwé kan ṣoṣo ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ dání: DD-214, ìwé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà, ń wò kí wọ́n tó san owó ìrànwọ́ fún ẹni tó fara pa lójú iṣẹ́, òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi àsíá bo pósí olóògbé, òun náà ni wọ́n ń wò tí ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ onílùú bá dìde. Tí orúkọ bá ṣì níbẹ̀, tí wọ́n bá fo oṣù mẹ́fà nínú àkókò tí ẹ fi sìn, tàbí tí ìdí tí wọ́n kọ pé ẹ fi kúrò kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọ́fíìsì kankan tó máa déédéé tún un ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè, ẹ̀yin náà lẹ máa kó ẹ̀rí wá.

Ìtọ́sọ́nà yìí kò kan ẹni tó ṣe sójà Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ Military Pensions Board l'Ábújá ni ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tiwọn wà. Ti Amẹ́ríkà là ń sọ, ọmọ Yorùbá tó wà nínú iṣẹ́ náà kò sì kéré. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò MAVNI ní 2009, tí wọ́n fi ń gba àlejò tó gbọ́ àwọn èdè kan sí iṣẹ́ ológun, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kà sílẹ̀, títí wọ́n fi dá ètò náà dúró ní 2016.

Kí ẹ tó tẹ fọ́ọ̀mù kankan jáde, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn, torí òun ló ń pa ẹ̀bẹ̀ jù. Àwọn tó ń tún ìwé ológun ṣe kì í bèèrè ohun tó wù yín kó wà níbẹ̀ lónìí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà ni wọ́n ń padà sí. Kí ló yẹ kí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà? Ìwé wo ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn tó fi hàn bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí méjèèjì, iṣẹ́ tó kù fún un kò pọ̀ mọ́.

Ẹ gba fáìlì yín jáde ná

DD-214 nìkan kò tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Àkópọ̀ ni. Inú fáìlì tí wọ́n ń pè ní OMPF ni àwọn ìwé tí wọ́n ti kó o jọ wà: ìwé àdéhùn ìwọṣẹ́ tó ń jẹ́ DD Form 4, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi rán yín lọ síbí síbẹ̀, ìwé àmì ẹ̀yẹ, ìwé ìgbéga. Láìrí ìwọ̀nyí, ẹ ò lè mọ̀ bóyá akọ̀wé ló ṣì í kọ tàbí àṣìṣe náà ti wà láti ìpìlẹ̀, ọ̀nà tí ẹ sì máa gbà yàtọ̀ pátápátá.

Ibi tí ẹ ti máa béèrè ni National Personnel Records Center, 1 Archives Drive, St. Louis, MO 63138. Ẹ lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí eVetRecs tó wà ní ìkànnì National Archives, ṣùgbọ́n ID.me, ìkànnì tí wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀, máa kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin ni lóòótọ́, fóònù Nàìjíríà sì lè fa wàhálà níbẹ̀. Tó bá ti ń yí yín po, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tẹ fọ́ọ̀mù SF-180 jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà èyíkéyìí ní Pánṣẹ́kẹ́, ẹ kún un, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù tí kò bá ní ìfọwọ́sí, wọn kì í ṣí fáìlì fún un.

Ibì kan wà lórí SF-180 tí wọ́n ti ń bi yín bóyá ẹ̀dà DD-214 "undeleted" lẹ fẹ́ tàbí "deleted". "Undeleted" ni kí ẹ mú. Nínú èkejì, wọ́n máa ń yọ irú ìkúrò, ìdí rẹ̀ àti àwọn kóòdù ìsàlẹ̀ ìwé kúrò, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà sábà máa ń wà. Ìdí kan náà ni ẹ̀dà Member-1, èyí tí àwọn kan fi sínú férémù mọ́ ògiri pálọ̀, kò fi tó: ẹ̀dà kúkúrú ni. Member-4 ni ẹ̀dà gígùn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete pé gbogbo OMPF lẹ fẹ́, pẹ̀lú gbogbo DD-214 tí wọ́n bá ti kọ fún yín, torí ẹni tó wọṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lè ní ju ẹyọ kan lọ. Ti ìwòsàn, lọ́tọ̀ ni. Fún àwọn tó kúrò láti àárín àwọn ọdún 1990 wá, ọ̀dọ̀ VA ló sábà máa ń wà.

Ẹni tó ni fáìlì kì í sanwó fún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú dọ́là wá kí òun lè bá yín "gba fáìlì jáde" ń ta omi fún ẹni tó kọ́lé sétí odò Ògùn.

Tí sójà náà bá ti kú, opó tí kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, òbí, ọmọ, tàbí ọmọ ìyá lè béèrè, pẹ̀lú ẹ̀rí ikú. Bí ó bá sì jẹ́ bàbá àgbà tó sìn láyé àtijọ́, ẹ mọ̀ pé iná jó ilé fáìlì náà ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973. Nǹkan bíi fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18 ló lọ sí i: èyí tó pọ̀ jù nínú ti Army tó kúrò láàárín 1912 sí 1960, àti apá kan nínú ti Air Force tó kúrò láàárín 1947 sí 1964. Wọ́n ṣì lè fi ìwé owó oṣù àti ìwé ilé ìwòsàn to àkọsílẹ̀ náà jọ padà, nítorí náà ẹ béèrè.

Ẹ kà á ní àpótí kọ̀ọ̀kan

Tí fáìlì bá dé, ẹ tẹ́ DD-214 àti DD Form 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ mú pẹ́ńsùlù. Àpótí 1 ni orúkọ, 5 ni ọjọ́ ìbí. Àpótí 12 ni ìṣirò àkókò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. 12a ni ọjọ́ tí ẹ wọlé, 12b ni ọjọ́ tí ẹ jáde, 12c ni iye ọdún, oṣù àti ọjọ́ tó wà láàárín wọn.

Ká ní 12a jẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2010, 12b sì jẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2014. Ẹ yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, ó kù ọdún 4, oṣù 5 àti ọjọ́ 5. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un, torí wọ́n ń ka ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn pọ̀. 12c gbọ́dọ̀ jẹ́ 0004, 05, 06. Tí ẹ bá bá 0003, 11, 06 níbẹ̀, oṣù mẹ́fà ti sọnù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pariwo, ẹ wo àpótí 29. Tí wọ́n bá kọ àkókò kan síbẹ̀ pé ẹ kò sí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ti yọ ọ́ kúrò nínú 12c. A jẹ́ pé àpótí 29 gan-an ni kí ẹ máa bá jà, kì í ṣe 12c.

Àpótí 13 ni àmì ẹ̀yẹ, 14 ni ẹ̀kọ́ ológun, 18 sì ni ibi tí wọ́n ti máa ń kọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n rán yín lọ, pẹ̀lú ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀. Ẹni tó ti lọ sí Iraq tàbí Kuwait tí kò sí nínú 18 máa rí i pé ó máa dùn ún nígbà tó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ VA. Ìsàlẹ̀ pátápátá, láti 23 sí 30, ni irú ìkúrò wà: 24 sọ irú ènìyàn tí wọ́n kà yín sí, 26 àti 27 jẹ́ kóòdù, 28 ni ìdí tí wọ́n fọ̀rọ̀ kọ. Kóòdù tó wà ní 26 gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ tó wà ní 28 mu. Nígbà míì wọn kì í bára mu, ẹ̀rí ọ̀fẹ́ nìyẹn fún yín.

Ọ̀nà mẹ́ta, ẹ má gba èyí tí kì í ṣe tiyín

Àṣìṣe akọ̀wé lásán, bíi ọjọ́ tí wọ́n kọ sódì tàbí àmì ẹ̀yẹ tí ìwé rẹ̀ wà nínú fáìlì tí wọn ò kọ sórí DD-214, kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù kankan. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ti ẹ̀ka tí ẹ ti sìn. Ti Army wà ní Human Resources Command, Fort Knox, Kentucky. Ti Navy ní Navy Personnel Command, Millington, Tennessee. Ti Air Force ní Air Force Personnel Center, Joint Base San Antonio-Randolph, Texas. Ti Marine Corps ní Quantico, Virginia. Ẹ tọ́ka sí àpótí tó ṣì, ẹ sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ so ẹ̀dà ẹ̀rí mọ́ ọn. Tí wọ́n bá gbà, wọ́n á fún yín ní DD-215. Kì í pa DD-214 rẹ́ o, wọ́n jọ ń rìn ni. Ẹni tó bá fi DD-214 nìkan hàn lẹ́yìn náà tún ti padà sínú àṣìṣe rẹ̀. Ti National Guard, ìwé tiwọn ni NGB-22, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ tí ẹ ti sìn lẹ máa kọ́kọ́ lọ.

Tó bá jẹ́ irú ìkúrò tàbí ìdí ìkúrò ni, tí kò sì tíì pé ọdún 15 tí ẹ kúrò, fọ́ọ̀mù DD-293 ni, ọ̀dọ̀ Discharge Review Board, bọ́ọ̀dù tó ń tún irú ìkúrò gbé yẹ̀ wò. Wọn kò lágbára lórí ìkúrò tí kóòtù ológun tó ga jù, general court-martial, pàṣẹ.

Gbogbo ìyókù, fọ́ọ̀mù DD-149 ni, ọ̀dọ̀ Board for Correction of Military Records, bọ́ọ̀dù tó ń tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe. Àṣìṣe tí ọ́fíìsì kọ̀ láti tún ṣe, ìkúrò tó ti kọjá ọdún 15, ìgbéga tí wọ́n fi dù yín, owó tí wọn ò san. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1946 ló dá àwọn bọ́ọ̀dù yìí sílẹ̀, aráàlú tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń jókòó níbẹ̀, kì í ṣe sójà. Agbára wọn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ pé ẹni tí kóòtù ológun dá lẹ́bi kò jẹ̀bi. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ nìkan ni wọ́n lè dín kù. Tí ẹ bá fo ọ̀nà kékeré tó wà nílẹ̀ kọjá, tí ẹ lọ bá wọn tààrà, wọ́n lè dá ìwé yín padà láì kà á.

Ẹni tí wọ́n lé kúrò nítorí ìwà tó jẹ́ pé àìsàn ọpọlọ láti ojú ogun, ìfarapa orí, tàbí ìfipábánilòpọ̀ ló fà á, kó sọ ọ́ jáde. Láti 2014 ni ìlànà ti wà pé kí àwọn bọ́ọ̀dù fi ojú àánú wo irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún là á sílẹ̀ dáadáa ní 2017. Lọ́dọ̀ tiwa a máa ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ nítorí ojú ayé. Bọ́ọ̀dù kò lè wo ohun tí ẹ ò bá sọ.

Orúkọ

Èyí ló ń dààmú àwọn ènìyàn wa jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba òfo jù. Ká ní orúkọ ìdílé yín ni Ṣódìpọ̀, tí àpótí 1 wá ka OLUWAFEMI, SODIPO ADESINA. Ẹ yẹ DD Form 4 wò, ẹ yẹ káàdì Social Security wò, ẹ yẹ ìwé ọmọ onílùú wò. Tí gbogbo wọn bá fi SODIPO ṣe orúkọ ìdílé, akọ̀wé ló yí i po, ọ̀nà kékeré, ìyẹn lẹ́tà sí ọ́fíìsì ẹ̀ka yín, ti tó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló wà lórí DD Form 4 tí ẹ fọwọ́ sí, tí wọ́n fi ń san owó oṣù, tó wà lórí gbogbo ìwé àṣẹ, lójú wọn DD-214 tọ̀nà: orúkọ tí ẹ fi sìn ló wà níbẹ̀.

Bákan náà ni ẹni tó ń jẹ́ Fáṣọlá tàbí Ògúndélé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tó wá di Olúṣọlá tàbí Jésùdélé lẹ́yìn tó padà sílé, tàbí obìnrin tó bọ́ sórúkọ ọkọ lẹ́yìn tó ti kúrò. Bọ́ọ̀dù Army sábà máa ń kọ irú ẹ̀bẹ̀ yìí, wọ́n á ní ìwé náà bá òtítọ́ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ mu. Ẹ má fi ọdún kan dúró dè é. Ẹ fi DD-214 sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ so ìwé tó fi hàn pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì mọ́ ọn: ìwé ìgbéyàwó, àṣẹ kóòtù Amẹ́ríkà, tàbí ìwé ìbúra láti kóòtù ní Ìsàbọ̀ pẹ̀lú ojú ewé ìwé ìròyìn tí ẹ ti kéde rẹ̀. Ní kóòtù, ẹ ṣọ́ra fún ìwé ìbúra tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Ti ìyípadà orúkọ ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn, tó ń sọ pé ẹ ti pa orúkọ àtijọ́ tì. Ohun tí ẹ fẹ́ ni èyí tó sọ pé A àti B, ẹnì kan náà ni.

Ní ti àmì ohùn, ẹ, ọ àti ṣ, àwọn kọ̀ǹpútà wọn kì í gbà á, kò sì sí ẹni tó máa kà á sí àṣìṣe.

Ọjọ́ ìbí

Irú kan wà tó rọrùn. Nàìjíríà ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù, Amẹ́ríkà ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá, tí ìwé ìbí rẹ̀ ka 05/11, lè bá ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún lórí DD-214. Ẹ fi ìwé ìbí àti pásípọ́ọ̀tù tí ẹ ní kí ẹ tó wọṣẹ́ tì í lẹ́yìn, kí ẹ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣì í kà. Ó sábà máa ń yé wọn.

Tí kò bá sí ìwé ìbí, ìwé tí wọ́n kọ nígbà yẹn lágbára ju èyí tí wọ́n kọ lánàá lọ. Ìwé ẹ̀rí ìbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́dọ̀ National Population Commission wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ lórí, bọ́ọ̀dù á sì rí i pé ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ kúrò lógun ni. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì yín bọmi, ì báà jẹ́ St. Peter's ní Aké tàbí èyí tó wà ládùúgbò yín, kí wọ́n da ohun tó wà nínú ìwé ìrìbọmi kọ fún yín, pẹ̀lú nọ́ḿbà ojú ewé àti ìlà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Mùsùlùmí lè lọ wo ìwé ìgbanisílé-ẹ̀kọ́ ti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Irú kejì kò rọrùn rárá. Ẹni tó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó tó gba físà, tó wá fẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ orí tòótọ́ báyìí, ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun purọ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ó sì lè kan ìwé ọmọ onílùú rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fọwọ́ sí DD-149 láì kọ́kọ́ bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. A ò rí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀.

Ẹlẹ́rìí àti ìbúra

Bọ́ọ̀dù gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohun tó wà lákọsílẹ̀ tọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìjọba tí wọ́n kọ nígbà náà ló wúwo jù: ìwé àṣẹ, ìwé owó oṣù LES, ìwé ìdánwò iṣẹ́. Ẹlẹ́rìí tó jẹ́ sójà bíi tiyín ló tẹ̀ lé e, tó bá lè sọ pé inú ẹgbẹ́ ogun wo làwọn jọ wà, oṣù wo, ọdún wo, àti ohun tí òun fojú ara òun rí. Lẹ́tà pásítọ̀ pé ọmọ dáadáa ni yín kò lè fi oṣù mẹ́fà kún 12c. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ irú ìkúrò lẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà, irú lẹ́tà yẹn ní ààyè tiẹ̀, torí wọ́n máa ń wo bí ẹ ti ń gbé ayé yín láti ìgbà náà.

Ẹ ò nílò láti gba ọ̀nà Èkó lọ nítorí ìbúra. Consulate Amẹ́ríkà tó wà ní Victoria Island ń gba dọ́là 50 lórí òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà, 28 U.S.C. 1746, gbà kí ẹni tó wà lẹ́yìn odi kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí nótárì. Bó ṣe wà yìí ni kí ẹ dà á kọ:

"I declare under penalty of perjury under the laws of the United States of America that the foregoing is true and correct. Executed on" — kí ẹ kọ ọjọ́, kí ẹ fọwọ́ sí i.

Ẹni tó wà l'Amẹ́ríkà gan-an lè yọ ọ̀rọ̀ "under the laws of the United States of America". Ẹni tó wà l'Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ yọ ọ́.

Bó bá jẹ́ Màmá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fẹ́ jẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n tẹ̀ka. Ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì á túmọ̀ rẹ̀, á sì fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ méjèèjì, pé ìtumọ̀ náà pé. Tó bá jẹ́ ìwé ìbúra kóòtù ni, ẹ rí i dájú pé ó wà níbẹ̀ pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sétí wọn ní Yorùbá, ó sì yé wọn, kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Kíkún DD-149

Ẹ gbé fọ́ọ̀mù tuntun jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má lo èyí tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan láti ọdún márùn-ún. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹ fẹ́, ẹ má kọ pé ẹ fi tọkàntọkàn sin Amẹ́ríkà. Ẹ kọ nọ́ḿbà àpótí, ohun tó wà níbẹ̀, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ohun mẹ́ta lẹ fẹ́? Ìlà mẹ́ta, 1, 2, 3. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, ẹ so ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀rí rẹ̀: ti ìlà 1 wà ní Exhibit A, ojú ewé 2. Ẹ fi bírò kọ Exhibit A, B, C sórí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ḿbà sí gbogbo ojú ewé. Ẹni tó máa kà á ní fáìlì púpọ̀ lórí tábìlì, ohun tí kò bá rí kíá, ó lè má rí i mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tí wọ́n ń fò jù: ọjọ́ wo lẹ mọ̀ pé àṣìṣe wà? Ọdún 3 ni òfin fún yín láti ọjọ́ náà. Bọ́ọ̀dù sì lè sọ pé ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí DD-214 lẹ mọ̀, torí ìfọwọ́sí yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ọdún 3 bá ti kọjá, wọ́n lágbára láti dárí rẹ̀ jì yín bí òdodo bá béèrè rẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Ẹ sọ ọjọ́ àti bí ẹ ṣe mọ̀, ká ní lẹ́tà VA tí wọ́n fi sọ pé ẹ ò lọ sí Kuwait ló là yín lójú, ẹ so lẹ́tà náà mọ́ ọn. Ibi yìí kò gbọdọ̀ ṣófo.

Ẹ lè béèrè kí ẹ fara hàn níwájú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gbà, ẹ̀yin lẹ sì máa san owó ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n bá gbà. Ìwé tó kún lọ́wọ́ ló yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. American Legion, VFW àti DAV, ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe sójà l'Amẹ́ríkà, máa ń ṣojú sójà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ ímeèlì sí wọn kí ẹ tó sanwó fún lọ́yà. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yìí lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 5 wá.

Ti opó: DD-149 kì í ṣe ti sójà nìkan. Ìyàwó tàbí ọmọ olóògbé lè fi í béèrè, pàápàá lórí owó SBP, owó tí sójà tó fẹ̀yìn tì fi sílẹ̀ fún ìyàwó. Wọ́n máa fẹ́ rí ìwé ẹ̀rí ikú àti ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ìdána nìkan kò ní ìwé lọ́wọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gba ìwé tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kóòtù. Níbi tí ìyàwó bá ti ju ẹyọ kan lọ, iṣẹ́ lọ́yà ni.

Fífi ránṣẹ́ àti dídúró

Army ní ibi tí ẹ ti lè fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ACTSOnline. Ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní adírẹ́sì lórí DD-149 fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ojúlówó. Tó bá jẹ́ ìwé orí bébà ni, ẹ fi EMS, ètò ìfìwéránṣẹ́ kíákíá, ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ Sápọ́n, kí ẹ tọ́jú nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń tọpa rẹ̀.

Adírẹ́sì tí ẹ kọ síbẹ̀ lè pa ẹjọ́ yín. Kí wọ́n tó pinnu, wọ́n lè ní kí ọ́fíìsì kan nínú iṣẹ́ ológun sọ èrò rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, wọ́n sì sábà máa ń fún yín ní ọjọ́ 30 láti fèsì. "Ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí" kò lè gba irú lẹ́tà yẹn lásìkò. Ẹ lo adírẹ́sì ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà l'Amẹ́ríkà tó máa ń ṣí lẹ́tà, kí ẹ sì kọ ímeèlì yín mọ́ ọn. Tí ọ́fíìsì náà bá sọ pé ẹ̀rí yín kò tó, ẹ fèsì, kódà kó jẹ́ ìlà márùn-ún péré.

Òfin ní kí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan parí mẹ́sàn-án nínú ẹjọ́ mẹ́wàá láàárín oṣù 10, kí ìyókù má sì kọjá oṣù 18. Ẹ má fi ìwé tuntun ránṣẹ́ lóṣooṣù láàárín ìgbà yẹn; ó lè dá iṣẹ́ dúró.

Lẹ́yìn ìpinnu

Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń sọ ẹ̀rí tí wọn ò rí. Tí ẹ bá rí i lẹ́yìn náà, ẹ lè ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Kò sí gbèdéke ọjọ́ fún ìyẹn mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọn ò tíì rí rí. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹ tún kọ ní ọ̀nà mìíràn kì í ṣe ẹ̀rí tuntun. Lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló kù, ó sì ṣòro láti dá a ṣe láìsí lọ́yà.

Tí wọ́n bá gbà, DD-215 tàbí DD-214 tuntun á dé. Ẹ kọ́kọ́ kà á. Àṣìṣe máa ń wọ inú àtúnṣe náà. Tí owó bá wà nínú rẹ̀, DFAS, ọ́fíìsì tó ń san owó àwọn ológun, ló ń san án, wọ́n á sì kọ̀wé sí yín. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí VA fúnra yín, torí pé bọ́ọ̀dù tún un ṣe kò ní kí VA mọ̀. Ìwé ọmọ onílùú kò sì ní yí padà nítorí pé DD-214 yí: ọ̀dọ̀ USCIS, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, ni tiẹ̀ wà, fọ́ọ̀mù N-565.